Ọ́nọ́rébù Adéoyè àti Ère Ẹ̀bá Odò Ẹlẹ́ja

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń kí ara rẹ̀ nínú dígí láàárọ̀, tó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn, ẹ má tètè pè é ní wèrè. Ó lè jẹ́ aṣòfin. Èyí tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, Peter Ọládiípọ̀ Adéoyè ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlobù ni bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Ìyá rẹ̀, Màmá Dinah, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni. Kò sí ohun tó burú nínú ìbí rẹ̀. Ilé onígbàgbọ́ ló ti jáde, ó mọ ìwé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin tán, ìjọba gbà á síṣẹ́ ní Òṣogbo. Ó di lọ́yà ìjọba. Iṣẹ́ lọ́yà ìjọba ni pé kó dìde ní kọ́ọ̀tù, kó gba ẹnu ìjọba sọ̀rọ̀. Peter a máa dìde lóòótọ́. Bó bá dìde, a tún wíìgì funfun orí rẹ̀ tò, a wúkọ́, a wo òrùlé, a wá ní, “Olúwa mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó jinlẹ̀ ju kànga lọ, ìjọba ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ sún ẹjọ́ yìí síwájú.” Adájọ́ a sì sún un. Báyìí ni gbogbo ẹjọ́ Peter ṣe ń rìn síwájú lọ́dọọdún láì dé ibì kankan. Kò jàre rí, kò sì jẹ̀bi rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Lọ́yà Sún-un-síwájú, òun sì rò pé oríkì ni.

Wíìgì yẹn ni ó fẹ́ràn jù láyé. Ó ń dé e wálé. Ó dé e lọ ra iṣu. Ó dé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè ní Ìlobù, títí pásítọ̀ fi pe Stella, ìyàwó rẹ̀, sí kọ̀rọ̀, tó bi í pé ṣé àìsàn orí ló ń ṣe Bàbá Treasure ni. Treasure ni àkọ́bí wọn, ó wà ní yunifásítì nígbà náà. Stella, tó jẹ́ tíṣà ìṣirò, dáhùn pé, “Rárá o, sà. Inú orí ni, kì í ṣe ìta.”

Bó ṣe bọ́ sínú òṣèlú nìyí. Wọ́n ń ṣe ìdúpẹ́ ìsìnkú olórí akọrin kan ní Ìlobù, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ní kí lọ́yà wa bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò ní ṣókí. Ní ṣókí! Ọkùnrin yìí gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n dá òfin sílẹ̀ láyé. Ó sọ̀rọ̀ títí ìrẹsì fi tutù. Àwọn ọmọdé sùn, wọ́n jí, wọ́n tún sùn. Nígbà tó di pé ara ò gbà á mọ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ kó lè jókòó. Ó gbọ́ àtẹ́wọ́, ó tún gbóhùn sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ kíkankíkan. Àwọn obìnrin bá dìde, wọ́n ń wá bàtà wọn láti máa lọ sílé. Peter rí i pé gbogbo ilé ti dìde fún òun, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

“Stella,” ló wí nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń darí sílé, “ìwọ náà fojú ara rẹ rí i. Ará ìlú ń pè mí.”

“Bàbá Treasure, ebi ló ń pa wọ́n.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Ebi ìjọba rere!”

Kó tó tó oṣù kan, ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù fún un. Inú wọn dùn gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì rò pé nítorí tòun ni. Ó rí bẹ́ẹ̀ náà.

Fún ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ìlobù àti Ìfọ́n sún mọ́ ara wọn débi pé bí àkùkọ ọ̀hún bá kọ, ará ìhín lè jí. Wọ́n ń fẹ́ra, wọ́n ń sìnkú ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà láàrin wọn láti ọjọ́ pípẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, ó ti gba ẹkún lójú ọ̀pọ̀ ìyá. Nítorí náà, nígbà tí ìjókòó aṣòfin tó jẹ́ ti àgbègbè méjèèjì ṣófo, tí ọkùnrin kan yọ tí ẹ̀jẹ̀ ìlú méjèèjì wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé bóyá Ọlọ́run ló rán an. Ní Ìlobù, Peter a fọwọ́ sáyà, a ní, “Èmi ọmọ yín, bàbá mi ń sùn nínú ilẹ̀ yìí.” Ní Ìfọ́n, a tún fọwọ́ sáyà kan náà, a ní, “Èmi ọmọ ọmọbìnrin yín, ọyàn Ìfọ́n ni mo mu dàgbà.” Òótọ́ ni méjèèjì. Wọ́n dìbò fún un, ó wọlé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́n kó lè súre fún un. Màmá Dinah gbọ́wọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà, ó ṣe àmín, ó wá tẹ orí náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.

“Peter, wọn ò dìbò fún ẹnu ẹ o. Èmi àti bàbá ẹ ni wọ́n dìbò fún. Má dójú tì wá.”

“Mọ́mì, ìtàn á sọ̀rọ̀ nípa mi.”

“Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.”

Ẹ wá wo agbára nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ti ń wá a látinú dígí. Ohun àkọ́kọ́ tí Ọ́nọ́rébù ṣe ni pé ó gba Àkànó síṣẹ́. Àkànó yìí, ọkùnrin abikùn kan tó ti ń ta mọ́tò àlòkù tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbà pé òótọ́ ni kí Ọ́nọ́rébù tó sọ̀rọ̀ tán. Bí ọ̀gá bá wúkọ́, Àkànó a ní, “Ọgbọ́n nìyẹn!” Òun náà ló ṣètò ìkíni. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ pálọ̀ Ọ́nọ́rébù ní Ìlobù, ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin a kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, wọn a sì wí pé, “Ọ́nọ́rébù, Amòfin, Afárá Àlàáfíà, Ìmọ́lẹ̀ Ìlú Méjì!” Bí ẹnì kan bá gbàgbé ọ̀kan nínú rẹ̀, Àkànó a ní kó jáde kó tún wọlé wá.

Bàbá Bámigbóyè, arúgbó tó kọ́ Peter ní Á-Bí-Dí, wá kí i kú oríire. Àkànó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tọ́ka sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá náà wo ilẹ̀, ó wo Àkànó, ó wo Peter tó jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú aláwọ̀ wúrà.

“Ṣé èmi ni kí n dọ̀bálẹ̀? Fún ọmọ tí mo ń bá nu ikun nímú?”

“Bàbá,” ni Àkànó wí, “imú yẹn ti di ti ìjọba báyìí.”

Bàbá Bámigbóyè yí padà, ó gba ilé rẹ̀ lọ, kò sì bínú. Ṣùgbọ́n ó sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà. Àárín ìlú ni ilé rẹ̀ wà, bàbá náà sì ń rìn jẹ́jẹ́.

Stella gan-an kò bọ́ nínú rẹ̀. Ó fẹ́ rí ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àkànó ní kí ó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn àlejò. Ó jókòó láàrin àwọn tó wá tọrọ kànga àti àwọn tó wá tọrọ iṣẹ́. Nígbà tó kàn án, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ọ́nọ́rébù, Amòfin, Afárá Àlàáfíà, Ìmọ́lẹ̀ Ìlú Méjì, gáàsì ti tán.”

Ọ́nọ́rébù mirí. Ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò.

Ní ilé ìgbìmọ̀ ńkọ́? Àbá kan ṣoṣo ló dá tí mo gbọ́ nípa rẹ̀: pé kí ó di òfin pé bí mọ́tò aṣòfin bá ń kọjá, kí gbogbo ẹni tó wà létí títì dìde dúró, kódà àwọn tó ń jẹun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì sún un síwájú. Ó ṣì wà níwájú lọ́hùn-ún di òní olónìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ odò.

Láàrin oko àwọn ará Ìlobù àti oko àwọn ará Ìfọ́n, odò kékeré kan ń ṣàn tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́ja. Lẹ́ẹ̀rùn, èèyàn lè tẹ òkúta kọjá nínú rẹ̀. Bí òjò bá dé, odò náà a máa wú bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn. Afárá onípákó kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó jẹrà, àgbàrá sì gbé e lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ru ẹ̀gẹ́ lọ sílé gbọ́dọ̀ la omi kọjá. Hàfúsátù, obìnrin Ìfọ́n kan, yọ̀ ṣubú níbẹ̀ tòun tẹrù, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Ó ṣì ń fi ọ̀pá rìn.

Àbúrò ọkọ Hàfúsátù ni ọkọ Mùtíátù. Ọmọ Ìlobù ni Mùtíátù, ilé ọkọ ló gbé e dé Ìfọ́n. Òun ni olórí àwọn obìnrin tí ń ṣe gààrí níhà méjèèjì. Ó kó àwọn obìnrin ìlú méjèèjì jọ, wọ́n lọ bá Ọ́nọ́rébù. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ka gbogbo oríkì náà láì fo ọ̀kan, Mùtíátù sì sọ ohun tí wọ́n bá wá.

“Ọ́nọ́rébù, afárá la ní kí ẹ bá wa ṣe. Kékeré ni, sà. Kó ṣáà gba ẹni tó rẹrù. Òjò ti ń ṣú.”

Peter dìde. Ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó rìn padà.

“Ẹ̀yin ìyá mi ọ̀wọ́n,” ló wí, “ẹ̀bẹ̀ yín ti wọ inú ìwé òfin ọkàn mi lọ. Afárá! Ṣùgbọ́n mo bi yín, kí ni ń jẹ́ afárá? Ṣé pákó ni? Ṣé irin ni? Tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní Ìlobù, tí ẹsẹ̀ kejì wà ní Ìfọ́n? Afárá dà nígbà náà, bí kò bá ṣe èmi?”

“Àní, òótọ́ ọ̀rọ̀!” ni Àkànó ké.

Mùtíátù fara balẹ̀. “Ẹ ṣé o, Ọ́nọ́rébù. Ṣùgbọ́n a ò lè gun yín kọjá tòun tẹ̀gẹ́.”

Àwọn obìnrin yòókù dorí kodò, èjìká wọn ń mì. Peter rò pé wọ́n ń sunkún. Inú rẹ̀ bàjẹ́ fún wọn, ó sì ṣèlérí lójú ẹsẹ̀ pé kí òjò tó pọ̀, òun á gbé ohun ńlá kan kalẹ̀ létí odò náà tí ìlú méjèèjì kò ní gbàgbé láéláé. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n yọ̀ lọ sílé. Òótọ́ ló sọ. Wọn kò gbàgbé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í dé: yẹ̀pẹ̀, òkúta, sìmẹ́ǹtì, irin. Ṣọlápé, oníṣẹ́ ọnà kan láti Òṣogbo, ló kó wọn wá pẹ̀lú àwọn lébìrà. Ìdùnnú ṣubú layọ̀! Àwọn obìnrin Ìlobù se ẹ̀wà fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ti Ìfọ́n ń pọn omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé nǹkan kan jáde tó dà bí bàtà ńlá, wọ́n ní bóyá ìdí òpó afárá ni. Nígbà tí orúnkún yọ, Mùtíátù sọ garawa omi orí rẹ̀ kalẹ̀.

“Bùrọ̀dá Ṣọlápé, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?”

Ṣọlápé kò lè wò ó lójú. “Ère ni, mà. Ère Ọ́nọ́rébù.”

“Afárá wa dà?”

“Wọ́n ní òun náà ni, mà.”

Mùtíátù kò pariwo. Ó gbé garawa rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ padà sódò, ó sì kó àwọn obìnrin rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń pọn omi fúnra wọn, wọ́n sì ń jẹ bisikíìtì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbóná ni orí ère náà. Ṣọlápé béèrè pé ìlú wo ni ojú ère máa kọ sí. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Àwọn àgbà Ìfọ́n wá, wọ́n ní ọmọ ọmọbìnrin àwọn kò gbọdọ̀ kọ ìdí sí àwọn. Àwọn àgbà Ìlobù wá, wọ́n ní ṣé ìpàkọ́ ni àwọn á máa wò, àwọn tí wọ́n sin bàbá rẹ̀? Bí ẹ bá bi mí, àwọn àgbà kan ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré ni. Mo gbọ́ pé Bàbá Bámigbóyè wà lára àwọn tó bínú jù lọ, ó sì ń fi fìlà bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Ọ́nọ́rébù gbà á bí ọba ṣe ń gba ìṣákọ́lẹ̀.

“Àkànó, ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà du ojú mi?”

“Ojú yín kò tó pín, Ọ́nọ́rébù!”

“Ó tó pín.” Ó nà ró. “Ṣọlápé, gbẹ́ ojú kan síwájú, kí o gbẹ́ ìkejì sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má rí ìpàkọ́ mi mọ́ láyé.”

Ojú Ṣọlápé pọ́n. Ó ti jẹ ẹ̀wà àwọn obìnrin yẹn, ẹ̀rí ọkàn sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. “Ọ́nọ́rébù, ẹ dákun, ẹ fi sùúrù rò ó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn èèyàn wa ń pe ẹni tó bá lójú méjì, tó sì lẹ́nu méjì.”

“Aríwájú-rẹ́yìn ni wọ́n ń pè é!”

“Kódà,” ni Àkànó wí, “ìkẹta kì bá pọ̀.”

Stella nìkan ló tún gbìyànjú. Ó ní, “Bàbá Treasure, ẹ jẹ́ kí wọ́n wó o, kí ẹ fi irin rẹ̀ ṣe afárá fáwọn obìnrin yẹn. Mo bẹ̀ yín. Ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín.” Peter rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó lọ sọ fún Àkànó kó fi orúkọ rẹ̀ sáàrin àwọn àlejò ọ̀la.

Ọjọ́ ìṣíṣọ lójú ère pé. Sátidé ni, ìkùukùu sì ti ṣú láti àárọ̀. Wọ́n pa kánọ́pì sí ìhà Ìlobù, wọ́n pa òmíràn sí ìhà Ìfọ́n, odò Ẹlẹ́ja wà láàrin, ó ti kún dé bèbè. Ère náà dúró létí omi nínú aṣọ funfun. Àkànó tẹ́ pákó mẹ́ta láti bèbè kan dé èkejì, ó fi kápẹ́ẹ̀tì pupa bò ó, kí Ọ́nọ́rébù lè rìn kọjá lórí rẹ̀ bí ó bá ti sọ̀rọ̀ tán ní ìhà Ìlobù. Olóyè Fọlá, alága ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, ti dé láti Òṣogbo. Ọkùnrin ńlá ni, agbádá rẹ̀ nìkan lè ṣe kánọ́pì kẹta.

Olóyè Fọlá fa okùn. Aṣọ bọ́ sílẹ̀.

Ère náà ga, ó dé wíìgì, ojú rẹ̀ kan ń wo Ìlobù, ìkejì ń wo Ìfọ́n. Nítorí pé Ọ́nọ́rébù ní kí wọ́n gbẹ́ òun bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹnu méjèèjì ló là sílẹ̀.

Ní ìhà Ìfọ́n, Mùtíátù wò ó títí. Kò gbóhùn sókè rárá, ṣùgbọ́n ibi gbogbo dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbọ́ ọ lódìkejì.

“Háà. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lódìkejì gbè é. Ẹ̀rín náà fo odò sọ́hùn-ún, ó fo padà síhìn-ín. Àwọn tí kò kí ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jà lórí oko ń tọ́ka sí ère náà fún ara wọn kọjá lórí omi, wọ́n ń dìkùn mú. Hàfúsátù rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá rẹ̀ fi bọ́, ará Ìlobù kan tó wá kí àna rẹ̀ níbẹ̀ ló bá a mú un.

Peter rí ayọ̀ yìí, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

“Ẹ̀yin èèyàn mi lápá ọ̀tún! Ẹ̀yin èèyàn mi lápá òsì! Ọjọ́ tí ìtàn ti ń retí dé lónìí! Láti òní lọ, bí ẹ bá wo ère yìí, ẹ mọ̀ pé mo ń wò yín! Bí ẹ bá sì sá lọ sódìkejì, mo tún ń wò yín níbẹ̀! Èmi kì í ṣe ẹni tí ń sọ ohun kan fún Ìlobù, kí n tó...”

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyókù. Òjò sì bẹ̀rẹ̀. Peter rí i pé kí òjò tó dà, ó yẹ kí òun kọjá sí Ìfọ́n. Ó di Olóyè Fọlá lápá mú nítorí àwọn oníyàwòrán, àwọn méjèèjì gun kápẹ́ẹ̀tì pupa. Àkànó tẹ̀ lé wọn, ó ń ké, “Ọ́nọ́rébù! Amòfin! Afárá Àlàáfíà...”

Gbàgà! Pákó ṣẹ́. Aṣòfin, alága àti kápẹ́ẹ̀tì bá odò lọ. Àkànó ti fò padà sórí bèbè.

“Afárá ti wó o!” ni ẹnì kan ké láti abẹ́ kánọ́pì.

Ṣùgbọ́n kíá ni ẹ̀rín dá, nítorí odò kì í ṣeré, agbádá sì ń fa omi mu. Àyànlọ́lá, bíríkìlà kan ní Ìlobù, bẹ́ sómi láti ìhín. Dámiláre, ará Ìfọ́n tó ń tún fóònù ṣe ní Òṣogbo, bẹ́ sómi láti ọ̀hún. Wọ́n pàdé láàrin, wọ́n di Peter mú lọ́rùn aṣọ, wọ́n sì fara ti ìdí ère, wọ́n wọ́ ọ gòkè. Àwọn èèyàn púpọ̀ jọ fa Olóyè Fọlá jáde. Ọlọ́run ṣàánú, kò sẹ́ni tó kú.

Kí ni ẹ rò pé Ọ́nọ́rébù sọ nígbà tó mí tán? Ṣé “ẹ ṣeun” ni? Ó dúró nínú ẹrẹ̀, ewé odò rọ̀ sí i létí, ó na ìka.

“N ó pè yín lẹ́jọ́! Gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín!”

“Odò ńkọ́, sà?” ni ẹnì kan bi í.

“Àtodò!”

Ẹ rò pé ìbínú ni. Ó pè wọ́n lóòótọ́! Kí Mọ́ńdè tó lọ, fídíò náà ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun dé Òṣogbo, Peter sì ti gbé ìlú méjèèjì lọ sí kọ́ọ̀tù. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe lọ́yà ara rẹ̀. Adájọ́ bi í pé kí ló fẹ́ kí kọ́ọ̀tù ṣe fún un. Ó ní kí kọ́ọ̀tù pàṣẹ kí wọ́n yé rẹ́rìn-ín. Adájọ́ fi áńkáṣífù bo ojú, ó ní òun ń bọ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ti mu omi. Ó da ẹjọ́ náà nù.

Olóyè Fọlá dùbúlẹ̀ àìsàn òtútù fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó dìde, ó ti gbàgbé orúkọ Peter. Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ yan ẹni tó máa dupò, wọ́n ka ìbò. Ìbò kan ṣoṣo ni Ọ́nọ́rébù rí, Àkànó sì búra pé kì í ṣe òun. Ẹni tuntun tó wọlé, ọjọ́ kejì ni Àkànó ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ké, “Ìmọ́lẹ̀ Ìlú Méjì!”

Afárá ńkọ́? Mùtíátù ló sọ ọ́. Ó ní àwọn tó lè jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n lè jọ gbé pákó. Àyànlọ́lá mọ òpó, Ṣọlápé wá láti Òṣogbo pẹ̀lú irin tó ṣẹ́ kù, kò sì jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n ṣe é, ó gba ẹni tó rẹrù. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti tán. Kò tíì tán, àwọn àgbà ṣì ń jókòó lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ń kọjá. Ère náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí i lọ́rùn.

Peter wà nílé fún ìgbà díẹ̀, kò jáde. Nígbà tó yá, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́n. Màmá Dinah gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

“Mọ́mì, ìlú méjèèjì ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ìlú méjèèjì ló fà ẹ́ jáde nínú odò. Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn?”

Oúnjẹ náà tutù níwájú rẹ̀. Peter dìde, ó béèrè ilé Dámiláre. Lẹ́yìn náà, òun àti Stella lọ sí ti Àyànlọ́lá ní Ìlobù, wọ́n bá a níbi tó ti ń mọlé. Àyànlọ́lá rí i, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ń rántí oríkì: “Ọ́nọ́rébù, Amòfin...”

“Ẹ fi sílẹ̀,” ni Peter wí. “Mo wá sọ pé ẹ ṣeun ni.” Kò mọ ohun tó tún yẹ kí òun sọ, ó sì yà á lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ti tán. Stella tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fà á lọ́wọ́, wọ́n lọ sílé.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó lọ wáṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan ní Òṣogbo. Jíìpù rẹ̀ ti bàjẹ́. Kí àwọn ará Ìlobù má bàa rí i nínú bọ́ọ̀sì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń kó tòmátì lọ sọ́jà jókòó tì í, kò sì mọ̀ ọ́n rí.

“Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Kí lorúkọ yín?”

Peter yanu. Gbogbo oyè rẹ̀ rọ́ wá sí ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn bí èrò tó fẹ́ wọkọ̀. Ó gbé wọn mì.

“Peter.”

“Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá Peter. Ẹ bá mi gbé eléyìí.” Ó gbé agbọ̀n tòmátì lé e lẹ́sẹ̀, ó sì sùn lọ.

Ọ̀nà náà kún fún kòtò. Ní kòtò kọ̀ọ̀kan, Peter ń fi ọwọ́ méjèèjì di agbọ̀n náà mú, ó ń gbé e sókè díẹ̀, òógùn ń bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Òṣogbo, obìnrin náà jí, ó yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Kò sí tòmátì kan tó fọ́.

“Ẹ mà mọ ẹrù gbé o,” ló wí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí ṣe fún ará ìlú tó sì parí nìyẹn.